Pósítà àwọn tó fìdí rẹmi nínú ìbò ààrẹ, èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba abẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba kọjá á ti mọ àwọn ọmọ tó ń tẹ́ pósítà sílẹ̀ níbẹ̀, ABD ọmọdé, máàpù Nàìjíríà, àwòrán àwọn ọba, àwọn eléré bọ́ọ̀lù. Ti àwọn olórí ìjọba náà máa ń wà níbẹ̀, láti orí Balewa títí dé orí Tinúbú, ojú gbogbo wọn á tò lọ rẹrẹ. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí yàtọ̀, ẹni tó ṣe é ò bá ti àwọn tó wọlé lọ rárá, àwọn tó díje tí wọn ò rí i mú nìkan ló kó jọ, láti ìbò 1979 títí dé ti 2023, orúkọ wọn, ẹgbẹ́ wọn, iye ìbò tí wọ́n ní, àwọn tó gbajúmọ̀ sì ní fọ́tò. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé ÀWỌN TÓ DU IPÒ ÀÀRẸ TÍ WỌN Ò WỌLÉ, nísàlẹ̀ pátápátá ó wá fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ pé GBOGBO WỌN JẸ́ 158.

Lẹ́tà pupa yẹn ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Màá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti owó àti ti bébà torí ìyẹn lẹ máa kọ́kọ́ bi mí. ₦2,500 ni ọmọ tó ń tà á pè é, mo ní kó gba 1,500, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ kàn án ná, bébà ẹ̀ kì í ṣe ti kàlẹ́ńdà yẹn o," a fà á títí a fi parí ẹ̀ sí 2,000. Òótọ́ ló sọ ṣá, bébà ẹ̀ nípọn, ó ń dán, ó sì fẹ̀ débi pé ó gba gbogbo àyè tó wà láàárín dígí mi méjèèjì. Àwọ̀ ewé àti funfun ni wọ́n lò, mo máa ń fi aṣọ tútù nu eruku irun kúrò lára ẹ̀, íńkì ẹ̀ ò ṣí. Ibi tí wọ́n ti já mi kulẹ̀ ni àwọn fọ́tò àtijọ́, wọ́n dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, ti Waziri Ibrahim, fìlà nìkan lẹ máa rí, ẹ ò ní rójú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má gba èyí tí wọ́n ti ká ní ìká mẹ́rin o, torí ojú ibi tí wọ́n ti ká a yẹn bọ́ sórí ìlà ọdún 2003 gẹ́lẹ́, gbogbo nọ́ńbà ibẹ̀ á ti bó. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èyí tí wọ́n yí róbótó sínú ọ̀rá.

Ṣọ́ọ̀bù báábà ni mo ní ní Ṣómólú, ẹni tó bá sì mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé àríyànjiyàn ló ń gbé èrò wá, irun gígẹ̀ kàn tẹ̀lé e ni. Bọ́ọ̀lù la máa ń jà sí tẹ́lẹ̀. Látìgbà tí pósítà yìí ti dé ògiri, Arsenal àti Chelsea ti sinmi, ẹni tó jókòó sórí àga á gbójú sókè, á ka orúkọ kan, ìjà ti dé nìyẹn. Fún ìdí yẹn nìkan, owó mi ti padà.

Ìlà àkọ́kọ́ ni 1979. Àwọn mẹ́rin ló wà níbẹ̀: Awólọ́wọ̀ ti UPN, 4,916,651; Azikiwe ti NPP, 2,822,523; Aminu Kano ti PRP, 1,732,113; Waziri Ibrahim ti GNPP, 1,686,489. Shagari ti NPN tó wọlé ò sí níbẹ̀, ìwọ ni wàá fúnra ẹ rántí pé 5,688,857 ló ní. Ohun tí mo fẹ́ràn níbí ni pé ẹni tó ṣe pósítà náà fi lẹ́tà tín-tìn-tín kọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ọdún yẹn sábẹ́ orúkọ Awólọ́wọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ìpínlẹ̀ 19 la ní nígbà yẹn, òfin sì ní kí ẹni tó máa wọlé ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ pín 19 sọ́nà mẹ́ta kẹ́ ẹ mú méjì, kò lọ geere, 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ló máa fún yín. Gbogbo èèyàn rò pé 13 ni wọ́n máa pè é torí kò sí ìpínlẹ̀ tí wọ́n máa ń bù sí wẹ́wẹ́, Shagari sì ní tiẹ̀ pé ní 12 péré. Lọ́yà NPN, Richard Akínjídé ọmọ Ìbàdàn, ló wá gbé ìṣirò ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ Kano dé, Awólọ́wọ̀ gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n dá a ní 26 oṣù September 1979 pé Shagari ló wọlé, adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ sọ pé òun ò fara mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa di October 1 wọ́n ti búra fún Shagari.

Bàbá kan tó máa ń wá gẹ irùngbọ̀n lọ́dọ̀ mi, àwa máa ń pè wọ́n ní Bàbá UPN, wọn ò gbà títí dòní. Wọ́n ní kí n fi bírò pa orúkọ Awo rẹ́ kúrò lára pósítà náà torí pé ẹni tí wọ́n fi ìṣirò lé kúrò kì í ṣe ẹni tó fìdí rẹmi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ yọ ti 1979, ti 1983 ńkọ́?" Wọ́n ní ti 1983 gan-an ló burú jù. Ó dáa, mo dákẹ́, ẹni tó ju bàbá mi lọ ni wọ́n.

Ní 1983 yìí, márùn-ún ni: Awólọ́wọ̀ tún jáde, ó ní 7,907,209, Azikiwe tún jáde, ó ní 3,557,113, Hassan Yusuf dúró fún PRP torí Aminu Kano ti kú lọ́dún yẹn kí ìbò tó dé, Waziri tún wá, Tunji Braithwaite, lọ́yà Èkó wa níbí, gbé NAP jáde, ó ní 271,524. Ẹ wá wo ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Nínú 1979 àti 1983, orúkọ mẹ́sàn-án ló wà lórí pósítà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fojú èèyàn kà á, mẹ́fà péré ni wọ́n, torí Awo, Zik àti Waziri wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì-mejì. Pósítà yẹn kà wọ́n ní mẹ́sàn-án. Ọmọ kan tó ń ka ìṣirò ní UNILAG, ó wá gẹ pọ́ńkì ni, ló kọ́kọ́ rí i, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ṣe nǹkan yìí ń ka èèyàn kan ní ẹ̀ẹ̀mejì, 158 yẹn kì í ṣe iye èèyàn." Ilé dàrú. Àwọn kan ní Ọlọ́run ò dá Awólọ́wọ̀ méjì. Àwọn kan ní ìgbà tó bá jáde ni kí wọ́n kà, torí fọ́ọ̀mù méjì ló gbà, kaǹpéènì méjì ló ṣe, owó méjì ló ná.

Èmi fara mọ́ àwọn tó ní ká ka ìgbà. Ṣé ẹ rí Buhari, tí ẹ bá kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò ní yé ọmọ tí wọ́n bá bí lónìí. Ó wà lórí pósítà lẹ́ẹ̀mẹta: 2003 lábẹ́ ANPP, 12,710,022, 2007 lábẹ́ ANPP náà, 6,605,299, 2011 lábẹ́ CPC, 12,214,853. Ẹ wo bó ṣe já wálẹ̀ láàárín tó tún gòkè. Lẹ́yìn náà ló wá wọlé ní 2015. Atiku náà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, AC ní 2007, PDP ní 2019, PDP ní 2023, tòun ò tíì yí padà. Ti 2007 yẹn, ọjọ́ díẹ̀ péré sí ìbò ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní kí INEC fi orúkọ ẹ̀ síbẹ̀. Chris Okotie, pásítọ̀ wa tó ti kọrin rí, wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, 2003, 2007, 2011. Ojukwu lẹ́ẹ̀mejì, Ṣówòrẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Tẹ́ ẹ bá pa gbogbo ìyẹn pọ̀ sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìtàn ibẹ̀ ti lọ. Kàn jẹ́ pé kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé iye ìgbà tí wọ́n díje lòun ń kà, kí ọmọ UNILAG má bàa máa yọ mí lẹ́nu.

Wàyí o, 1993. Ibí ni mo ti rò pé ẹni yẹn ní ọgbọ́n lórí, tó sì tún ní ìbẹ̀rù. Ẹyọ orúkọ kan ló fi síbẹ̀, Bashir Tofa ti NRC, 5,952,087. Abíọ́lá tó ní 8,341,309 ò sí níbẹ̀, ìyẹn ni pé lójú ẹni tó ṣe é, Abíọ́lá wọlé. Kò sì kọ nǹkan kan sábẹ́ ẹ̀, kò sọ pé ìjọba Babangida wọ́gi lé ìbò náà ní June 23, kò sọ pé kò sí ẹni tí wọ́n búra fún. Alhaji kan tó ń gbé ní Bàrígà, ọmọ Ìlọrin, bi wá léèrè kan tí mi ò tíì rí èsì fún: wọ́n ní tí ìbò bá ti dà nù, ta ló wá fìdí rẹmi? Wọ́n ní Tofa ò lè fìdí rẹmi nínú nǹkan tí wọ́n ní kò ṣẹlẹ̀. Ẹlòmíràn fèsì pé Tofa fìdí rẹmi dáadáa, Abíọ́lá lu ú ní Kano níbi tí wọ́n bí i sí, kí ló tún kù. Ẹnìkan láti orí bẹ́ǹṣì ní ẹni tó pàdánù jù nínú gbogbo wọn ni Abíọ́lá, torí ó pàdánù ìjọba, ó pàdánù ìyàwó, ó tún wá kú sí àtìmọ́lé ní July 1998, tí pósítà yìí bá jẹ́ ti àwọn tó pàdánù, fọ́tò ẹ̀ ló yẹ kó tóbi jù. Ṣọ́ọ̀bù pa lọ́lọ́ fún bíi ìṣẹ́jú kan, mo kàn ń fi klípà ṣiṣẹ́ mi.

Lójú tèmi, bí wọ́n ṣe ṣe é yẹn náà ló dáa. Ní 2018 ìjọba Buhari fún Abíọ́lá ní GCFR, oyè tí wọ́n máa ń fún ààrẹ, ó sì ní June 12 ni ọjọ́ ìjọba àwaarawa, ẹni tí ìjọba bá ti fún níyẹn, a ò lè to orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn tí ò wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n ìlà kan lásán tó bá kọ sábẹ́ ẹ̀ láti ṣàlàyé, kí ló máa ná an? Ó ráyè kọ ti ẹjọ́ 1979, ti 1993 tó dun gbogbo Èkó wọ egungun wá di òfìfo.

Àwòrán tó tóbi jù lórí gbogbo pósítà yẹn ni ti Olú Falae, kò sì ní ìdí míì, òun nìkan ló fìdí rẹmi ní 1999 torí náà gbogbo ìlà ọdún yẹn tiẹ̀ ni. Àwọn tó wọlé ṣọ́ọ̀bù mi tí wọn ò mọ̀ ọ́n á máa bi mí pé ààrẹ ìgbà wo ni bàbá yìí. AD àti APP ló pawọ́ pọ̀ fà á kalẹ̀, ó ní 11,110,287, Ọbásanjọ́ ní 18,738,154. Yorùbá méjì ló ń bá ara wọn du ipò náà, ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ló dìbò fún Falae, ọmọ Ẹ̀gbá ló wọlé láìsí ìbò Ẹ̀gbá. Ẹ gbé 11,110,287 yẹn dání ná, mo máa padà sórí ẹ̀.

Lẹ́yìn Falae ni pósítà náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ní 2003 ẹni 19 ló wà níbẹ̀, láti orí ẹyọ kan! Ohun tó fà á ni pé Gani Fáwẹ̀hìnmí àti Balarabe Musa pẹ̀lú àwọn míì bá INEC ṣẹjọ́ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lórí bí wọn ò ṣe fẹ́ forúkọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, wọ́n jàre, ilẹ̀kùn ṣí, ẹgbẹ́ òṣèlú rọ́ wọlé. Àwọn méjèèjì tún fúnra wọn jáde du ipò ààrẹ lọ́dún yẹn, Gani ní 161,333, Balarabe ní 100,765. Gani wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà ẹ̀, ẹ ò lè má dá a mọ̀. Sarah Jubril náà wà níbẹ̀, 157,560, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Gani dọ́gba, obìnrin ni o, kò sì sí nínú àwọn tí wọ́n fi fọ́tò wọn síbẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ rí nǹkan tí mo rí: nínú gbogbo fọ́tò tó wà lórí pósítà yẹn, kò sí ti obìnrin kankan. Ti Rẹ̀mí Ṣónáìyà ti KOWA, ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ́ èèyàn ní Faransé n'Ífẹ̀, tó ní 13,076 ní 2015, kò sí. Ti Chichi Ojei tó jẹ́ obìnrin kan ṣoṣo nínú àwọn 18 ti 2023, kò sí. Wọ́n wá fi fọ́tò àwọn ọkùnrin kan tí ìbò wọn ò tó ti Sarah Jubril rárá síbẹ̀. Máàkì kan ti kúrò nídìí ìyẹn.

Máàkì kejì kúrò nídìí 2007, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù. Ẹni tó ṣe gbogbo wàhálà yìí láti orí Awólọ́wọ̀ bọ̀ wálẹ̀, nígbà tó dé 2007, ó kọ orúkọ méje, Buhari, Atiku, Orji Kalu, Bafarawa, Ojukwu, Utomi, Okotie, ó wá kọ "àtàwọn yòókù". Àtàwọn yòókù kẹ̀! Pósítà tó jẹ́ pé àwọn yòókù gan-an ni iṣẹ́ ẹ̀! Ẹni tó bá fẹ́ mọ Bafarawa ò nílò pósítà, àwọn tí ẹnikẹ́ni ò rántí mọ́ la tìtorí wọn ra nǹkan. Ó sì jẹ́ ọdún tí ìbò ẹ̀ dàrú jù o, Yar'Adua tó wọlé fúnra ẹ̀ sọ lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un pé àbùkù wà nínú ìbò tó gbé òun wọlé.

Torí náà, ẹ bá mi ṣírò: 4 ti 1979, 5 ti 1983, 1, 1, 19 ti 2003, méje tó fi orúkọ sí ní 2007, 19 ti 2011, 13 ti 2015, 72 ti 2019, 17 ti 2023. Ó pé 158 lóòótọ́, ìṣirò ẹ̀ ò yẹ̀, àmọ́ orí ilẹ̀ tó ti yẹ̀ ló kọ́ ọ lé. Iye gidi ju 158 lọ, torí "àtàwọn yòókù" ti 2007 ò sí nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yọ 2007 kúrò pátápátá kẹ́ ẹ má baà fi irọ́ kún un, 151 ló kù, nínú 151 yìí, 2019 nìkan kó 72. Ìbò kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì gbogbo àwọn tó tíì fìdí rẹmi.

Ẹ wá wo bí 2019 ṣe rí lórí bébà, wọ́n há mọ́ra bí èrò mọ́lúè. Fọ́tò mẹ́ta péré ló ráyè fún, ìyókù, orúkọ lásán pẹ̀lú lẹ́tà tó kéré débi pé mo ní láti gun àga kí n tó kà á, àwọn oníbàárà mi tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kàn máa ń wò ó ni wọn ò lè kà á. Ẹ ò ní gbàgbé bébà ìbò ọdún yẹn bó ṣe gùn, èèyàn á máa wá ẹgbẹ́ ẹ̀ láti òkè délẹ̀, 73 ni wọ́n. Atiku tó ṣe ìkejì ní 11,262,978. Ẹni tó ṣe ìkẹta, ta lẹ rò? Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pariwo Ṣówòrẹ́, àwọn míì ní Moghalu, àwọn míì ní Fẹlá Dúrótóyè. Irọ́ ni. Felix Nicolas ni, ti ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ PCP, ìbò ẹ̀ lé ní 100,000. Ṣówòrẹ́ ní 33,953, Moghalu 21,886, Dúrótóyè 16,779. Ẹ wo lẹ́tà mẹ́ta yẹn dáadáa, P-C-P, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi ẹgbẹ́ tí àwọn ìyá àgbà kan rò pé àwọn ń tẹ̀ka fún. Mi ò ní ẹ̀rí o, àmọ́ gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ló máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Oby Ezekwesili náà wà nínú àwọn 72 yẹn. Ìjà kejì nìyẹn. Obìnrin yẹn ti ní òun ò ṣe mọ́ ní January, ìbò kù bí oṣù kan, INEC ní ọjọ́ tó yẹ kó yọwọ́ ti kọjá, orúkọ ẹgbẹ́ ẹ̀ wà lórí bébà ìbò bẹ́ẹ̀, àwọn kan sì tẹ̀ka fún un. Ṣé ẹni tó ti kúrò lórí pápá kí wọ́n tó fọn fèrè la ó máa pè ní ẹni tó fìdí rẹmi? Mo rò pé kò yẹ. Ẹni tó ṣe pósítà ní ó yẹ. Màá gbà fún un torí tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹni tó ní òun ti fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kò ní mọ ibi tó máa dúró, ìbò kọ̀ọ̀kan ló ní irú wọn.

Fún ìdí kan náà ni mo ṣe fẹ́ràn pé kò fọwọ́ kan ìbò abẹ́lé rárá. Tó bá lọ síbẹ̀, ó parí. Á ní láti fi Kwankwaso síbẹ̀ fún ti APC ní December 2014, ní Sùúrùlérè wa níbí, ní pápá Tẹslim Balogun, tí Buhari ní 3,430, tí Kwankwaso ní 974, tí Atiku ní 954. Á ní láti fi Sarah Jubril tó ní ìbò ẹyọ kan ṣoṣo nínú ti PDP ní 2011 síbẹ̀. Ògiri mi ò gbà á.

Lẹ́yìn 2019, INEC fagi lé ẹgbẹ́ 74 ní February 2020, ó ku 18, ìdí nìyẹn tí 2023 fi padà sí 17. Lórí pósítà ẹ rí i bó ṣe wú gbẹ̀ẹ̀ tó sì fọ̀ wálẹ̀, kò sí ìwé kankan tó máa tètè fi ìyẹn hàn yín báyìí.

Mo ní mo máa padà sórí Falae. Ohun tó mú kí n gbà pé pósítà yìí tó owó ẹ̀ nìyí. Tinúbú wọlé ní 2023 pẹ̀lú 8,794,726. Tẹ́ ẹ bá wo ara ògiri mi, ìgbà márùn-ún ni ẹni tó fìdí rẹmi ti ní ìbò tó ju ìyẹn lọ: Falae 1999, Buhari 2003, Buhari 2011, Jonathan 2015, Atiku 2019. Ẹni tó ní ìbò jù nínú gbogbo àwọn tí ò wọlé ni Jonathan, 12,853,162, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n yọ pẹ̀lú ìbò, tó gbé fóònù pe Buhari kí INEC tó kà á tán. Àwọn tó ń dìbò ti dín kù, àwọn ọ̀dọ́ inú ṣọ́ọ̀bù tó ń pariwo jù nípa ìjọba, mo bi wọ́n pé ta ló ní PVC, ẹ mọ èsì ẹ̀.

Nǹkan kejì, ẹ ro ìbò gbogbo àwọn tó fìdí rẹmi ní 1979 pọ̀, 11,157,776 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Shagari. Ní 1983 náà, tiwọn lápapọ̀ ju ti Shagari lọ. Ní 2023, Atiku 6,984,520 àti Obi 6,101,533, àwọn méjèèjì nìkan ti ju 13 mílíọ̀nù lọ, a ò tíì ka Kwankwaso. Ìgbà mẹ́ta yìí, àwọn tó dìbò fún ẹni tí ò wọlé ló pọ̀ jù nílùú. Pósítà ò ṣe ìròpọ̀ yìí, èmi ni mo fi bírò kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun gan-an ni wọ́n sì máa ń yà ní fọ́tò jù.

Ẹnìkan ní kí wọ́n kọ Tinúbú síbẹ̀ fún ti Èkó, torí Obi ní 582,454 níbí, Tinúbú ní 572,606. Mo ní ìbò ààrẹ la ń sọ, kì í ṣe ti Èkó nìkan. Ó ní Èkó náà wà nínú Nàìjíríà. Mo gẹ irun ẹ̀ tán mo gba owó mi.

7 nínú 10 ni mo fún un. Ẹni tó bá fẹ́ fi sí ilé ìwé, kó mọ̀ pé ọmọ á ní láti sún mọ́ ọn gan-an kó tó ka 2019. Ẹni tó bá fẹ́ fi sí ṣọ́ọ̀bù tàbí ibi tí wọ́n ti ń mu bíà, kó ra á, kó gbé e wá sí Ṣómólú kí wọ́n lámínéètì ẹ̀ kí ó tó gbé e kọ́, torí wọ́n máa fọwọ́ tó ṣì ní ọbẹ̀ lára nà án. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì mọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́, ẹ bá mi sọ fún un pé kó kọ orúkọ àwọn ti 2007 yẹn pé, màá ra òmíràn.